«Burú», «búburú», «burúkú»: ọ̀rọ̀ Faransé kan kò lè kó gbogbo wọn

Nínú àwọn àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Faransé tí a ń lò fún ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, a sábà ń to «burú», «búburú» àti «burúkú» sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, «mauvais», bí ẹni pé ọ̀kan lè dúró fún èkejì níbi gbogbo. Ìtòjọ bẹ́ẹ̀ rọrùn fún ẹni tí ń ṣe ìwé, ṣùgbọ́n ó ń ṣi òǹkàwé lọ́nà.

«Burú» ni ìpìlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni: «Ọ̀nà náà burú» kò nílò ọ̀rọ̀ kankan tí ó jọ «être» ti Faransé kí ó tó di odindi gbólóhùn. Bí a bá pe kọ́ńsónáǹtì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú fáwẹ̀lì «í», a rí «bíburú», tí í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ. Bí fáwẹ̀lì náà bá jẹ́ «ú», a rí «búburú», tí ń yán ọ̀rọ̀ orúkọ. Fáwẹ̀lì kan péré ni ó ya ẹ̀ka gírámà méjì sọ́tọ̀.

Ní ti «burúkú», etí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ «ikú» ní ìparí rẹ̀. Òfin ìpajẹ fáwẹ̀lì lè gbà á, ṣùgbọ́n ìrísí nìkan kì í ṣe ẹ̀rí: kò sí ikú nínú ìtumọ̀ «ọmọ burúkú». Ohun tí ó hàn ni pé ọ̀rọ̀ yìí ti fìdí múlẹ̀ nínú àwọn àkànpọ̀ bí «orí burúkú». A kì í sábà fi «búburú» rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀.

Inú ìwé ìlera ni àṣìtúmọ̀ ti léwu jù. Bí a bá fi «oògùn burúkú» túmọ̀ «mauvais médicament», ará Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ lè gbọ́ ọ bí oògùn tí a fi ń ṣe ènìyàn ní ibi, kì í ṣe oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. «Oògùn tí ó ti bàjẹ́» ni ó yẹ kí a kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọbẹ̀ ń kan, tí iṣu ń rà, láìsí «burú» nínú ọ̀rọ̀ wọn. «Kò dára» pàápàá kò bá «burú» dọ́gba: ohun tí «kò burú» ṣeé gbà, síbẹ̀ a kò tíì pè é ní dáradára.

Nítorí náà, kí àkójọ ọ̀rọ̀ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Faransé. Kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn tirẹ̀, tí yóò fi ohun tí ó burú hàn àti bí ó ṣe burú. Nígbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá èdè ẹnu ara rẹ̀ pàdé nínú ìwé.