Irinṣẹ́ Ìfín-ọ̀dà fún Katakata Kékeré

Afẹ́fẹ́ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ fífín ọ̀dà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tún katakata kékeré kùn nínú àgbàlá rẹ̀ ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò, nílẹ̀ Yewa, ní láti yan kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kó tó yan ìbọn. Ọ̀pọ̀ ló ń gbà á lódì. Ìbọn dídán á wù wọ́n lórí àtẹ, wọ́n á rà á, wọ́n á wá so ó mọ́ ẹ̀rọ tí èémí rẹ̀ kò ká a, ọ̀dà á sì máa tutọ́ jáde ní kókó-kókó. Ẹ̀rọ ìfínko tí àgbẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn kò lè rọ́pò kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ àti ìbọn rárá: omi oògùn ló lè tú, kò ní afẹ́fẹ́ tó lè fọ́ ọ̀dà kíki sí wẹ́wẹ́.

Fífọ́ ọ̀dà sí wẹ́wẹ́ yìí gan-an ni iṣẹ́ ìbọn. Afẹ́fẹ́ á sáré jáde yí ẹnu nọ́sù ká, á gba ọ̀dà mú, á sì tú u ká. Dókítà Allen DeVilbiss, ará ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ti lo ọgbọ́n yìí láti fín oògùn sí ọ̀fun aláìsàn láyé ọdún 1880 sí 1890. Thomas ọmọ rẹ̀ ló fi ṣe ìbọn ọ̀dà ní 1907. Títí dòní, ìbọn tó dára ṣì ní ìwà pẹ̀lẹ́ irinṣẹ́ oníṣègùn: ó ń gbọ́ràn sí ìka lẹ́nu, ẹni tó bá ti lò ó kì í fẹ́ padà sídìí búrọ́ọ̀ṣì mọ́.

Lórí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, táǹkì ńlá máa ń tan ènìyàn jẹ. Iye afẹ́fẹ́ tí písítìn ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan ló yẹ ká wò. Ìbọn HVLP, tí ń lo afẹ́fẹ́ púpọ̀ ní ìfúnpá kékeré, kì í fi ọ̀dà ṣòfò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mu tó lítà 300 afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí mọ́tò rẹ̀ jẹ́ horsepower 2 kò sì lè bọ́ ọ yó. Ìbọn kékeré tí kì í mu ju lítà 150 lọ ló bá a mu. Táǹkì lítà 100 á tó, bí a bá ń kun bọ́nẹ́ẹ̀tì àti mọ́gáàdì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀ràn iná tún wà ńbẹ̀. Bí iná bá lọ nígbà tí a dé àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì, ojú ibi tí a dúró sí á máa hàn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbà wá, torí mọ́tò kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ máa ń fa iná ní ìlọ́po-ìlọ́po nígbà tó bá ń gbéra. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ elépo bẹntiróòlù, irú èyí tí àwọn fọkanáísà ń lò ní ìkóríta, ló bá ilẹ̀ Yewa mu jù lọ: kì í dúró de iná, ẹni tó lè tún un ṣe kò sì jìnnà. Kí a gbé e sí ìhà ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí rọ́bà afẹ́fẹ́ rẹ̀ gùn tó mítà 10, torí òórùn tínà lè gbaná lára ẹ́ńjìnnì.

Ìbọn tí ife rẹ̀ wà lókè ló dára fún iṣẹ́ ilé. Ọ̀dà ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ní kí afẹ́fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á láti ìsàlẹ̀. Nọ́sù 1.4 mm wà fún ọ̀dà, 1.8 mm fún páímà. Tòkunbọ̀ kì í wọ́n lágbègbè ẹnubodè, àmọ́ kí a fi tínà dán an wò sára páálí kí a tó sanwó: bí àmì rẹ̀ bá tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ihò kan ti dí tàbí ó ti jẹ.

Omi ni ọ̀tá tí a kì í rí. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ máa ń gbóná, bó bá tutù nínú táǹkì, ọ̀rinrin rẹ̀ á di omi. Lásìkò òjò, láti oṣù kẹrin sí ìkẹwàá, fíltà omi pọn dandan, a sì gbọ́dọ̀ máa tú omi ìdí táǹkì láràárọ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku gba ipò omi: kí a wọ́n omi sílẹ̀ àgbàlá, kí a sì fín ọ̀dà lẹ́yìn tí ìrì bá gbẹ, kí atẹ́gùn tó dìde.

Irú ọ̀dà náà ń sọ irinṣẹ́ tó yẹ. Massey Ferguson 135, tó jáde ní 1964, ní bọ́nẹ́ẹ̀tì pupa àti ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ eérú. Ọ̀dà olóròóró lásán á bo méjèèjì dáadáa. Ọ̀dà 2K tó ní hádínà ń dán jù ú lọ, ṣùgbọ́n isocyanate inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, aṣọ tí a so mọ́mú kò sì dí i lọ́wọ́. Iṣẹ́ ẹni tó ní ìbòmú tí ń gba afẹ́fẹ́ mímọ́ láti ibòmíràn nìyẹn. Ọ̀dà olóròóró pàápàá ń fẹ́ ìbòmú eléèédú, torí tínà.

Lẹ́yìn iṣẹ́, tínà ni a fi ń fọ ife, nọ́sù àti abẹ́rẹ́ kí ọ̀dà tó gbẹ. A kì í ri gbogbo ìbọn sínú tínà, nítorí yóò jẹ àwọn rọ́bà inú rẹ̀.