Ilé Là Ń Wò: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwòrán Alẹ́ Ní Festac



Bí ọdún bá ti ń sún mọ́ òpin, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Festac Town àti Amuwo-Odofin a máa gbé kámẹ́rà tàbí fóònù jáde lálẹ́ láti ya iná ọdún. A ti wo púpọ̀ nínú àwòrán wọ̀nyí, a ó sì sọ èrò wa láìfi epo bọ iyọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa mọ iṣẹ́, àwòrán wọn sì dùn ún wò. Àbùkù kan ni a rí, kò sì kéré: iná ni wọ́n ń yà, wọn kò ya ilé.

Gílóòbù a máa tàn yòò, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n so ó mọ́ a ti di òkùnkùn biribiri. Ẹni tí ó bá wò ó kò ní mọ̀ bóyá Festac ni tàbí òpópónà Ajose Adeogun ní Victoria Island, níbi tí iná oṣù Kejìlá ti gbajúmọ̀. Àwọn kan lè wí pé ayọ̀ ọdún ni àwọn fẹ́ fi hàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àlejò ni iná ọdún. Bí ọdún bá ti lọ, wọn a tú u kúrò. Àwọn àgbà sì ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ilé Festac kì í ṣe ilé lásán. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ wọn láti gba àlejò FESTAC '77, àjọ̀dún àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé, tí ó wáyé láti 15 January sí 12 February, 1977. Marilyn Nance, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀. Ní 2022, lẹ́yìn ọdún 45, ìwé àwòrán rẹ̀, Last Day in Lagos, jáde, ó sì ń sọ ìtàn náà fún ọmọ tí kò tí ì dáyé nígbà náà. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé Festac ni wọ́n ti sọ iwájú rẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù. Ta ni ó ń ya èyí tí ó kù? Ilojo Bar ní Tinubu Square, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì kà sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956, wọ́n wó o ní 2016. Àwòrán rẹ̀ ni a ń wò báyìí.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Òru ni wọ́n máa ń dúró dè, bẹ́ẹ̀ ni iná ara kámẹ́rà kò lè tan gbogbo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kí ayàwòrán kí ìrun Màgàríbì tán, kí ó jáde kíá. Ojú ọ̀run kò tí ì dú nígbà náà. Ilé àti iná yóò jọ hàn. Ní ilẹ̀ wa, àkókò yìí kì í tó wákàtí kan, nítorí náà iṣẹ́ yóò ti parí kí wọ́n tó pe ìrun Ìṣáì. Kí ó gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ó sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ là fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ẹni tí fóònù ni tirẹ̀ lè fi í ti ògiri.

Ẹ ya iná ọdún, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí iná náà fi ilé hàn wá. Kí Allāh jẹ́ kí a ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé. Āmīn.