Òkè, Ọ̀nà àti Ilé: Àyẹ̀wò Máàpù Roy lórí Ilẹ̀ Olókè Scotland

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ máàpù Scotland tí William Roy ṣe kòkáárí rẹ̀ wò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí wọ́n yà á fún. Lẹ́yìn ogun Culloden ní 1746, níbi tí ìjọba ti ṣẹ́gun àwọn tó ń ti Charles Edward Stuart lẹ́yìn, ó hàn gbangba pé àwọn ológun kò mọ ilẹ̀ olókè ìhà àríwá náà dunjú. David Watson ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní 1747 ni Roy bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n, kò sì dáwọ́ dúró títí di 1755.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi wọn ilẹ̀ fi ète wọn hàn. Ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ àti kọ́ńpáàsì ni wọ́n gbé tọ ojú ọ̀nà àti ipa odò. Ohun tó wà lọ́tùn-ún lósì, ojú ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀. Ínǹṣì 1 lórí bébà dúró fún yáàdì 1,000. Roy kò tan ẹnikẹ́ni jẹ: ní 1785, ó gbà pé iṣẹ́ náà sún mọ́ àwòrán ológun tó gbayì ju máàpù tó péye lọ.

Òkè ló dùn ún wò jù níbẹ̀. Paul Sandby wà lára àwọn ayàwòrán rẹ̀, òjìji tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ni wọ́n sì fi gbé gíga òkè yọ, láìsí nọ́ńbà kankan. Oko ńkọ́? Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bíi poro ebè, bákan náà níbi gbogbo, bí ìgbà tí ayàwòrán kò sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin rárá. Àmì pupa ni ilé. Orúkọ Gaelic sì wà níbẹ̀ bí etí àwọn tí kò gbọ́ èdè náà ṣe gbà á.

Àmì pupa wọ̀nyí ló wá di ohun iyebíye. Láti ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn onílẹ̀ ti ń lé àwọn àgbẹ̀ kúrò kí àgùntàn lè jẹko. Ní Strathnaver, 1814 àti 1819 ni wọ́n lé ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn tó ń wá ahoro abúlé bẹ́ẹ̀ a máa yíjú sí máàpù Roy. Wọn kò ṣìnà, bí wọn kò bá ti sọ ọ́ di ìwé ìkànìyàn. Ibi tí àmì bá wà, ẹ̀rí ni pé èèyàn gbé ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ibi tó ṣófo nínú àfonífojì tí ọ̀nà kò gbà lè jẹ́ ibi tí awọnlẹ̀ kò dé.