Àwọn Tó Délé Ló Ń Rántí: Fíìmù Class Action Park àti Àárò Ọgbà Tó Ti Kógbá Sílé

Ní ọdún 1985, ní ìlú Vernon, ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, ọgbà ìgbafẹ́ kan ṣí páìpù kan fún àwọn tó wá ṣeré. Páìpù ńlá ni, ó bò látòkè délẹ̀. Èèyàn á wọ ẹnu rẹ̀ lókè, omi á gbé e sáré sọ̀kalẹ̀ nínú òkùnkùn, tó bá wá ku díẹ̀ kó jáde, páìpù náà á ká òbìrìkìtì kan gbáko bí ẹni kọ òdo sílẹ̀, orí á wá sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ á lọ sókè. Cannonball Loop ni wọ́n ń pè é. Nǹkan bí oṣù kan péré ló fi ṣiṣẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó ní kí wọ́n tì í.

Ẹlòmíì á ti máa rò ó pé irọ́ ni, pé irú ìtàn tí ẹ̀gbọ́n ẹni máa ń sọ nígbà tí NEPA bá mú iná lọ ni, èyí tó máa ń ga sí i lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n páìpù yẹn wà, fọ́tò rẹ̀ wà, ó sì dúró sójú kan náà títí ọgbà náà fi kógbá sílé ní 1996. Action Park ni orúkọ ọgbà yẹn. Ìtàn rẹ̀ ni Seth Porges àti Chris Charles Scott sọ nínú Class Action Park, dókúmẹ́ńtárì bí ìṣẹ́jú 90 tó jáde lórí HBO Max ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, nígbà tí kòrónà ti èèyàn mọ́lé, tí àárò ìta ń sọ gbogbo wa. Àwọn èèyàn ló ti sọ ọgbà náà lórúkọ yẹn tipẹ́. Class action ni ẹjọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá kó ara wọn jọ pe ẹnì kan. Wọ́n tún ń pè é ní Traction Park, nítorí okùn àti irin tí wọ́n fi ń na egungun tó ṣẹ́ nílé ìwòsàn. Ọmọ aráyé mọ orúkọ í sọ.

Fíìmù tó dùn ni. Ẹ jẹ́ ká ti sọ ìyẹn kúrò ńlẹ̀. Ohun tí a fẹ́ bá a fà ni ẹni tó gbà láyè kó rántí, àti bó ṣe to ìrántí náà.

Gene Mulvihill ló dá Action Park sílẹ̀ ní 1978. Ó ní òkè kan tí àwọn èèyàn máa ń wá yọ̀ lórí yìnyín rẹ̀ nígbà òtútù. Bí ìgbà ooru bá dé, yìnyín á yọ́, owó á dúró. Ló bá ní kí wọ́n máa ṣe eré omi àti eré ìje níbẹ̀. Ní àwọn ọgbà yòókù, ẹ̀rọ ló ń gbé èèyàn: wọ́n á dè ọ́ mọ́ àga, wọ́n á yí ọ, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀. Ní ti Mulvihill, ìwọ fúnra rẹ lo máa darí, ìwọ lo máa pinnu bí o ṣe fẹ́ yára tó. Ẹ wo Alpine Slide. Ojú ọ̀nà tóóró tí wọ́n fi kọ́ńkéré ṣe ni, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè, ó ń lọ́ bí ejò. O máa jókòó sórí pátákó kékeré kan tó ní ọ̀pá kan láàrin ẹsẹ̀ rẹ. Ọ̀pá yẹn ni bíréèkì, òun náà ni gbogbo ààbò tí o ní. Ẹni tó bá ṣubú, kọ́ńkéré á rin awọ ara rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń rin gbágùúdá.

Èrò yẹn, pé kí ẹni tó ń ṣeré máa darí ara rẹ̀, kì í ṣe èrò burúkú o. Kò dẹ̀ sí ọmọ ọdún 15 tí kò ní wù.

Àwa tó jẹ́ pé kóòdù là ń kọ jẹun ní àwàdà kan tó ti gbó: pé oníbàárà ló ń bá wa dán iṣẹ́ wò. O parí ẹ̀ lálẹ́ Friday, o jù ú sórí server, o lọ sùn; tó bá bàjẹ́, wọ́n á pè ọ́. Ó ń pa wá lẹ́rìn-ín nítorí pé ohun tó lè bàjẹ́ kò ju ojú ìwé tí kò ṣí lọ, tàbí owó tó há sójú ọ̀nà. Gbogbo ẹ̀ ló ṣeé dá padà. Àwọn tó ṣiṣẹ́ ní Action Park sọ nínú fíìmù náà pé ọmọláńgidi ni wọ́n kọ́kọ́ jù sínú Cannonball Loop, pé nígbà tó máa jáde, apá àti ẹsẹ̀ kò pé mọ́. Kí ni wọ́n ṣe? Ọ̀gá fa dọ́là 100 yọ, ó ní ọmọ iṣẹ́ tó bá láyà kó wọ̀ ọ́. Ọ̀dọ́langba ló pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà, àwọn kan sì wọ̀ ọ́. Ẹni tó ń kọ kóòdù tó bá gbọ́ èyí, ẹ̀rín á kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀, lẹ́yìn náà ara ẹ̀ á bù máṣọ. Wọ́n dán an wò, ó kùnà lójú gbogbo wọn, wọ́n sì gbé e jáde fún aráàlú.

Níbi tí fídíò ìgbà náà kò bá sí, àwọn olùdarí fi àwòrán káátúùnù dí i. Aláwàdà Chris Gethard, tó jẹ́ ọmọ New Jersey, ń sọ ìrírí tirẹ̀ bí ológun tó ti fẹ̀yìn tì. Ohùn John Hodgman tó ń ròyìn gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Bí egungun kan bá ti ṣẹ́, àpárá kan á tẹ̀ lé e. A rẹ́rìn-ín gan-an, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n káátúùnù ní agbára kan tí èèyàn kì í tètè fura sí: ara kì í dun ẹni inú ẹ̀. Ẹni tó já bọ́ látorí òkè á gbọn eruku nù, á dìde, á máa bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n bá wá ń sọ fún ọ pé ọgbà náà ra ọkọ̀ áńbúláǹsì kún èyí tí ìlú Vernon ní nítorí pé ti ìlú kò tó mọ́, bí àpárá mìíràn ló ṣe máa ń dún létí.

Apá tí a fẹ́ràn jù nínú fíìmù náà ni apá tí kò sí eré kankan nínú rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ adójútòfò. Mulvihill dá iléeṣẹ́ adójútòfò tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní London and World Assurance, ó fi í sí erékùṣù Cayman. Ẹ gbọ́ bí orúkọ yẹn ṣe wúwo tó. Orí ìwé nìkan ló wà. Ní 1984 ó gbà níwájú kóòtù pé òun jẹ̀bi jìbìtì tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ adójútòfò yìí. Wọ́n bu owó ìtanràn fún un, kò lọ sẹ́wọ̀n, ọgbà ò sì tì. Ìdí tí apá yìí fi ṣe pàtàkì sí wa ni pé òun ló já irọ́ tí àárò máa ń pa. Ohun tí àwọn tí àárò ń sọ máa ń wí ni pé bí ayé ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀, kò sẹ́ni tó bìkítà. Ẹnì kan mọ̀. Ó jókòó, ó mú bírò, ó ṣètò rẹ̀.

Ní ìdá ìkẹyìn fíìmù náà ni ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ìyá àgbàlagbà kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jókòó síwájú kámẹ́rà. Ní 1980, ọmọ ìyá yìí mìíràn, ọmọ ọdún 19, gun Alpine Slide. Pátákó rẹ̀ fò kúrò lójú ọ̀nà, orí rẹ̀ lu òkúta. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó kú ní Action Park. Ọgbà náà ní òṣìṣẹ́ àwọn ni, pé ikú rẹ̀ kò sí lára èyí tó pọn dandan kí àwọn ròyìn fún ìjọba. Lẹ́yìn rẹ̀, èèyàn mẹ́ta rì sínú adágún tí ẹ̀rọ fi ń ru ìgbì bíi ti òkun, ọ̀kan ní 1982, ọ̀kan ní 1984, ọ̀kan ní 1987. Iná mànàmáná pa ẹnì kan níbi eré ọkọ̀ ojú omi ní 1982. Ọkàn ẹnì kan dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní 1984 lẹ́yìn tó ti orí okùn bọ́ sínú omi tó tutù nini. Ẹni mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ ká to gbogbo ẹ̀ bí a ṣe máa ń to dátà, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ọdún kẹta tí wọ́n ṣí ọgbà ni ọmọ yẹn kú. Nígbà tí Cannonball Loop fi máa ṣí fún aráàlú ní 1985, èèyàn márùn-ún ti kú. Márùn-ún! Fíìmù náà kò to ọ̀rọ̀ náà báyìí. Ìtàn ọmọláńgidi àti dọ́là 100 ló kọ́kọ́ dé etí wa, ìyá náà ló dé kẹ́yìn, ó wá dà bíi pé eré ló kọ́kọ́ wà kí ibi tó yọjú sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí a bá ti mọ̀ nípa ìyá yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, àpárá tó pọ̀ jù nínú fíìmù náà kò ní ṣeé dá.

Ẹnì kan lè sọ pé ìyẹn gan-an lọgbọ́n rẹ̀: pé wọ́n fẹ́ kó o rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, kí ojú wá tì ọ́. A gbà, ó sì ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí ìyá náà sọ tiẹ̀ tán, fíìmù náà tún padà sọ́dọ̀ àwọn tí àárò ń sọ, kí wọ́n lè sọ bí ọgbà náà ṣe sọ wọ́n di èèyàn, bí ọmọ ìgbà yẹn ṣe gbóyà. Tí pańpẹ́ bá mú mi, tó tún yára tú mi sílẹ̀, pańpẹ́ wo nìyẹn?

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ orin yìí. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa náà ń kọ ọ́: a wọ ẹ̀yìn akóyọyọ lọ ilé ìwé, tíṣà nà wá títí ẹgba fi ya, a lúwẹ̀ẹ́ nínú odò lẹ́yìn òjò, kò pa wá, ẹ̀yin ajẹbọ́tà òde òní ò lè ṣe é. Ajẹpákó ni gbogbo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú Class Action Park fẹ́ ká pe àwọn. A ò bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n “kò pa wá” jẹ́ gbólóhùn tó jẹ́ pé ẹni tí kò pa nìkan ló lè sọ ọ́. Nínú iṣẹ́ wa, server tó bá kú lójijì kì í kọ nǹkan kan sínú log. Ẹni tó bá jókòó ka log nìkan á rò pé gbogbo ẹ̀rọ ló wà lálàáfíà, torí pé èyí tó ń ṣiṣẹ́ nìkan ló ń ránṣẹ́.

Ó tún ku ibì kan. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù yìí jẹ́ òṣìṣẹ́ àtijọ́ tàbí ọmọ àdúgbò, àwọn tó mọ ibi tó jìn nínú omi àti eré tó yẹ kí wọ́n yàgò fún. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá ṣeré ló ń ti New York àti àwọn ìlú ńlá tó yí i ká wá, tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ omi wẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ omi sọ pé ní òpin ọ̀sẹ̀ tí èrò bá pọ̀, àwọn lè fa èèyàn tó 30 jáde. Grave Pool, adágún sàréè, ni wọ́n ń pe adágún ìgbì náà láàrin ara wọn. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ wà nínú fíìmù náà, wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n pa wá lẹ́rìn-ín. Àwọn 30 yẹn ńkọ́? Ọmọ tó wọ bọ́ọ̀sì wá láti ìlú ńlá, tó mu omi yó, tí wọ́n fà jáde, tó tún wọ bọ́ọ̀sì padà sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tó délé ṣùgbọ́n tí àárò ibẹ̀ ò sọ ọ́ rí? Ohùn ẹni yẹn la wá títí fíìmù fi parí.

Síbẹ̀, ẹ wò ó. Kò sí ọ̀pọ̀ fíìmù lórí ọgbà ìgbafẹ́ àtijọ́ tó gbà kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ jókòó rárá. Òjò, ìpẹtà àti àwọn àga tí koríko hù bò ni wọ́n máa ń fi hàn wá, pẹ̀lú orin dùùrù tó rọra ń lọ. Èyí ní ìwé kóòtù, ó ní iye òkú, ó ní orúkọ ẹni tó fa ọ̀rọ̀.

Mulvihill kú ní 2012. Ọmọ rẹ̀, Andy, àti Jake Rossen gbé ìwé jáde nípa ọgbà náà ní 2020 kan náà tí fíìmù yìí dé. Kó tó dìgbà náà, ní 2014, wọ́n ti dá orúkọ Action Park padà sára apá eré omi tó wà lórí òkè yẹn, tó ti ń jẹ́ Mountain Creek láti ọdún mélòó kan. Àárò ń tà. Ó di 2016 kí wọ́n tó tún yọ orúkọ náà. Ìyá inú fíìmù náà wà láyé nígbà tí wọ́n gbé e padà sókè.