Ìyáàlù Níwájú Máíkì

Nígbà tí àwọn baba wa sọ pé bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ni í ya, awọ ni wọ́n ní lọ́kàn; síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ tí ó bá ẹni tí ń gba dùndún sílẹ̀ nínú ìyẹ̀wù ara rẹ̀ lónìí mu tó o, nítorí pé nígbà tí awọ ìyáàlù ṣì wà ní pípé, tí ọmọ Àyàn Àgalú ṣì ń fi ọ̀pá sọ̀rọ̀ geere, ohùn tí ó wọ inú kọ̀ǹpútà lè ti ya kí onílé tó fura. Èrò tèmi ni pé ẹnu ọ̀nà tí ìró líle ń gbà wọlé ni a ti ń kápá rẹ̀, kì í ṣe inú yàrá tí ó ti jókòó sí.

Ìgbì ni ìró, a máa ga, a sì máa lọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ayé òde òní ní òrùlé kan, òdo dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ẹyọ tí a fi ń wọn agbára ìró), tí kò sí ohunkóhun lókè rẹ̀; ìgbì tí ó bá fẹ́ kọjá ibẹ̀, a gé e lórí pẹrẹsẹ. Ẹnìkan lè wí pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ìyáàlù ṣì yé òun bẹ́ẹ̀, òtítọ́ sì ni, nítorí gígé orí ìgbì kò yí iye ìgbà tí ó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan padà. Ṣùgbọ́n ṣaworo tí ó yí ojú ìlù náà ká ńkọ́? Orí ìgbì ńlá ti awọ ni ìgbì wẹ́wẹ́ tirẹ̀ gùn, tí ó fi jẹ́ pé níbi tí a bá ti bẹ́ ìgbì ńlá lórí, ṣaworo bá a lọ, ariwo gbígbẹ a sì gba ipò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìlù tí onílù fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ lù nígbà tí ó ń kí ni, àti èyí tí ó fi agbára lù nígbà tí ó ń kìlọ̀, yóò parẹ́. Ẹyin lohùn, adùn ọ̀rọ̀ ìlù ni ó fọ́ yẹn.

Ayé téèpù ni a ti jogún àṣà yíyí gain, bọ́tìnnì tí ń fún ohùn máíkì lágbára bí ó ti ń wọlé, dé góńgó. Téèpù ní ariwo ṣìì tirẹ̀ lábẹ́, tí a ní láti fi ohùn líle bò mọ́lẹ̀. Bí ohùn náà bá sì pọ̀ jù, téèpù a máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í gé e lójijì. Àpótí oní-24-bit tí ń gbé ohùn máíkì wọ inú kọ̀ǹpútà, tí ó wà lórí tábìlì ọ̀pọ̀ ilé lónìí, kò nílò irú ìpọ́njú bẹ́ẹ̀, nítorí pé bit kọ̀ọ̀kan ń fún ni ní àyè tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí ìró tí ó le jù dúró ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 12 sísàlẹ̀ òrùlé kò pàdánù ohun tí etí lè mọ̀. Àmọ́ ojú ni ọ̀pọ̀ ń fi gbọ́rọ̀: bí iná ara àpótí kò bá tíì pọ́n, wọn kò gbà pé ohùn ti wọlé.

Ibi tí ìró ti fọ́ ṣe pàtàkì. Bí a bá dín gain kù tí ìró sì mọ́, inú àpótí ni àṣìṣe wà. Ṣùgbọ́n bí a bá dín in kù tí ìró kàn rọlẹ̀, tí yíya rẹ̀ kò kúrò, ẹ̀rọ oníná inú máíkì condenser fúnra rẹ̀ ni ìlù ti borí, pad (bọ́tìnnì tí ń dín ìró kù) ara àpótí kò sì lè gbà á là: àfi pad ara máíkì, tàbí kí a gbé máíkì dynamic irú Shure SM57, tí ó ti wà láti ọdún 1965, dípò rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fa fader (ọ̀pá tí a fi ń yí ìwọ̀n ohùn) inú kọ̀ǹpútà wálẹ̀, ariwo ni ó dín kù, kò tún ohunkóhun ṣe.

Ní ti sísún máíkì mọ́ ìlù, ọ̀pọ̀ a máa fi Geoff Emerick, ẹni tí ó gba orin ẹgbẹ́ Beatles sílẹ̀, ṣe ẹ̀rí: ó sún máíkì mọ́ ìlù ńlá Ringo Starr, onílù wọn, ju bí òfin EMI ti gbà lọ ní Abbey Road, Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1966. Wọ́n gbàgbé pé ó ki súẹ́tà bọ inú ìlù náà, ó sì tún fi ẹ̀rọ Fairchild kó agbára ìró rẹ̀ níjàánu. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ sún máíkì jìnnà dípò bẹ́ẹ̀, kí ó mọ̀ pé ní gbangba, bí a bá sọ ìjìnnà di ìlọ́po méjì, ìró a fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 dín; nínú yàrá oníbíríkì kì í dín tó bẹ́ẹ̀, nítorí ògiri ń dá a padà, nítorí náà kí á kọ́kọ́ fi aṣọ tí ó nípọn bo ògiri kí á tó sún máíkì sẹ́yìn.

Onílù pẹ̀lú kì í fi gbogbo agbára rẹ̀ hàn nígbà ìdánwò. Bí oríkì bá wọ̀ ọ́ lára, ọwọ́ rẹ̀ a le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a bẹ̀ ẹ́ pé, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lu ibi tí ó le jù lọ fún wa," kí a tó fọwọ́ kan gain. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí ń méfò orí ìgbì tí a ti gé, wọ́n sì wúlò fún ìró ẹyọ kan tàbí méjì tí ó bá ya. Fún odidi orin, kí a tún un lù ni ó yá.