Máàpù Gẹ́gẹ́ Bí Ẹlẹ́rìí: Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Festac àti Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin

Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, máàpù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń tẹ́ sílẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Máàpù kan ṣoṣo, ẹjọ́ ẹnìkan ni.

Ẹni tí ó bá wo máàpù Festac yóò rí àwọn òpópónà tí a fi nọ́ńbà pè, láti ti kìn-ín-ní dé ti keje. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ ìlú náà nítorí àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú, tí a ṣe ní 1977. Láti ara orúkọ àjọ̀dún náà ni a ti yọ orúkọ ìlú. Nọ́ńbà kò ní oríkì. Kò lè fi hàn pé ilẹ̀ Àwórì ni ibẹ̀, pé àwọn ìletò ti wà ní agbègbè náà kí a tó fi okùn wọn ilẹ̀ Festac. Orúkọ bí Àmúwò àti Kirikiri ni ó kù tí ń jẹ́rìí.

Bí a bá tẹ́ máàpù ìṣèlú lé e lórí, ọ̀rọ̀ tún yí padà. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní 1967, ni Festac wà. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ó yọ èyí tí ó ti wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀. Ní 2003, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ni ó ni àṣẹ lórí ètò ìlú. Nítorí náà, ẹni tí ó ni ilẹ̀ lè yàtọ̀ sí ẹni tí ó ni àṣẹ ilé kíkọ́ lórí rẹ̀. Máàpù kan kò lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì.

Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé pàápàá kò gba máàpù gbọ́ lásán. Ní 1986, nínú ẹjọ́ Burkina Faso àti Mali, ó là á yé pé máàpù nìkan kì í sọ ilẹ̀ di ti ẹni, àfi bí ó bá so mọ́ ìwé àṣẹ tí ó jẹ́ apá kan rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Bakassi ní 2002, àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ti 1913 ni ó borí, kì í ṣe èyí tí àwọn ọba Calabar bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1884. Ilẹ̀ náà di ti Cameroon, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ka ara wọn sí ọmọ Nàìjíríà.

Àṣìṣe méjì, nígbà náà, ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹra fún. Èkíní ni kí ó ka máàpù sí òdodo pátápátá. Èkejì ni kí ó kó gbogbo rẹ̀ dànù nítorí pé òyìnbó tàbí ìjọba ni ó yà á. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí ó tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọdún wọn, kí ó sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: ta ni ó yà ọ́, nítorí kí ni, orúkọ ta ni o fi sílẹ̀? Kí ó wá gbé ìdáhùn wọn síwájú ìtàn ìdílé àti oríkì ìlú, kí ó sì bi àwọn náà léèrè, nítorí wọn kì í ṣàìgbè sẹ́yìn ẹnìkan. Ẹlẹ́rìí tí a kò bi ní ìbéèrè kò tíì jẹ́rìí.