Ta Ni Yóò To Ìwé Náà? Àgbéyẹ̀wò Ìwé Jean-Noël Jeanneney Lórí Ilé-Ìkàwé Gbogbo Yúróòpù

Ọjà tí a bá pàtẹ sí iwájú ni oníbàárà kọ́kọ́ ń rí. Èyí tí ó wà lábẹ́ àtẹ lè dára jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá rí i, bí ẹni pé kò sí lọ́jà ni. Lórí ọ̀ràn yìí ni Jean-Noël Jeanneney gbé ìwé rẹ̀, Quand Google défie l'Europe, kalẹ̀. Ọdún 2005 ni ìwé náà jáde. Ní ọdún 2007 ni ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Chicago gbé e jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Òpìtàn ni òǹkọ̀wé náà, òun sì ni olórí ilé-ìkàwé àgbà ilẹ̀ Faransé nígbà tí ó kọ ọ́.

Ohun tí ó bí ìwé náà kò farasin. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ Google kéde pé òun yóò ya àwòrán ojú-ewé àwọn ìwé tí iye wọn tó mílíọ̀nù 15, kí gbogbo ayé lè máa wá ọ̀rọ̀ inú wọn lórí kọ̀ǹpútà. Ilé-ìkàwé márùn-ún ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i: ti Yunifásítì Harvard, Stanford, Michigan àti Oxford, pẹ̀lú ti ìlú New York. Jeanneney kò bẹnu àtẹ́ lu ṣíṣí ìwé sílẹ̀ fún aráyé. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: ta ni yóò to ìwé náà, èwo ni yóò sì kọ́kọ́ hàn sí ẹni tí ó bá béèrè? Ó fi ìyípadà ìjọba tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1789 ṣe àpẹẹrẹ. Bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì bá ń ṣíwájú nígbà gbogbo, ìtàn akọni ará Gẹ̀ẹ́sì inú The Scarlet Pimpernel ni ọmọ ilé-ìwé yóò kà kí ó tó gbúròó Quatrevingt-treize ti Victor Hugo. Ẹ̀rọ tí a fi ń bẹ́ni lórí ni yóò mọ̀. Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí a kéde nígbà náà yóò pamọ́ fún un. Nítorí náà ni ó ṣe ké sí àwọn ìjọba Yúróòpù pé kí wọ́n pa owó àti ìwé wọn pọ̀, kí òǹkàwé lè wọ ilé-ìkàwé bí ọmọ onílé, kì í ṣe bí ẹni tí a ń polówó ọjà fún.

Ìbéèrè yìí ni agbára ìwé náà. Àléébù rẹ̀ ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ̀rọ̀ di ìjà láàárín Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Yúróòpù ni Oxford wà. Ìwé tí a kọ ní èdè Faransé àti Jámánì sì pọ̀ lórí pẹpẹ Harvard. Ibi tí ìwé ti wá kò tó láti pinnu ipò tí yóò wà; ọwọ́ ẹni tí ń tò ó ni ó kù sí.

Ohun tí ó tẹ̀lé e jẹ́rìí sí èyí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2005, olórí orílẹ̀-èdè mẹ́fà, ti Faransé, Jámánì, Ítálì, Sípéènì, Pólándì àti Họ́ńgárì, fi ohùn ṣọ̀kan pé kí a dá irú ilé-ìkàwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 2008 ni Europeana ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú nǹkan bí mílíọ̀nù 2 ìwé, àwòrán, fíìmù àti ohùn orin. Èrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ kò fi lè gbé wọn. Kò pé ọjọ́ kan tí wọ́n fi tì í pa, ó sì di oṣù Kejìlá kí wọ́n tó tún un ṣí. Ṣùgbọ́n èyí tí ó yẹ ní àkíyèsí jù ni pé ó ju ìdajì àkójọ náà lọ tí ó ti ilẹ̀ Faransé wá. Ohun tí Jeanneney bẹ̀rù lọ́wọ́ àjèjì, pé kí ohùn ẹnì kan bo ti ìyókù mọ́lẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí ó fúnra rẹ̀ bèèrè fún. Lónìí, ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 50 ni Europeana ń tọ́ka sí, láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ni ìdènà kejì. Ní Yúróòpù, ààbò òfin wà lórí ìwé títí di ìgbà tí òǹkọ̀wé bá ti kú fún 70 ọdún. Ìwé ẹni tí ó kú ní ọdún 1960 kò ní di ti gbogbo ènìyàn kí ó tó di ọdún 2031. Nípa bẹ́ẹ̀, ó rọrùn fún ọmọ ìlú láti ka ìwé ayé baba-ńlá rẹ̀ ju ti ayé baba rẹ̀ lọ. Ní ọdún 2012, wọ́n ṣe òfin lórí ìwé tí a kò mọ ẹni tí ó ni ín mọ́, ṣùgbọ́n apá kan ìṣòro náà ni ìyẹn tán.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé Yorùbá pẹ̀lú. Àwọn ọmọ Yorùbá wà ní Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ìwé tí a kọ nípa wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́tọ̀, èyí tí a kọ ní èdè Faransé wà lọ́tọ̀. Bí a bá fẹ́ dá ilé-ìkàwé kan sílẹ̀ fún gbogbo wọn, ìbéèrè Jeanneney gbọdọ̀ wọ inú lẹ́tà lọ. Bí ẹ̀rọ kò bá ka àmì ohùn sí, ẹni tí ń wá ìtàn ọkọ́ àgbẹ̀ yóò bá ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ ojú omi àti ọ̀kọ̀ jagunjagun ní ojú kan náà, èyí tí ó wá gan-an yóò sì wà nísàlẹ̀. Ìwé lè pé síbẹ̀ kí wọ́n má ṣeé rí.

Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ka ìwé Jeanneney, kí wọ́n sì mú ìbéèrè rẹ̀ kọjá ibi tí ó mú un dé. Iye ìwé kọ́ ni a ó fi mọ ilé-ìkàwé tí ó jẹ́ ti gbogbo ọmọ ìlú. Ohun tí ọmọ ilé-ìwé ní Kétu yóò rí nígbà tí ó bá fi èdè abínibí rẹ̀ béèrè ni a ó fi mọ̀ ọ́n.